Muskie lóru: ìwúwo ni kí o dúró dè, kì í ṣe ariwo

Àbúrò mi, o ní o ti lọ sí Lake Minnetonka, adágún kan ní Minnesota, lálẹ́ mẹ́rin, pé muskie, ẹja ńlá tó ń pa ẹja mìíràn jẹ nínú omi aláìníyọ̀ Amẹ́ríkà, kọlu ìjẹ àtọwọ́dá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ o ò rí ọ̀kankan mú. O wá ń béèrè ìjẹ tí ó yẹ kí o rà. Má ra nǹkan kan. Bí muskie bá kọlu ìjẹ lẹ́ẹ̀mejì láàárín alẹ́ mẹ́rin, ìjẹ náà dára. Ọwọ́ rẹ ló yá jù.

Èmi náà jẹ ìyà yẹn dáadáa. Ọdún kẹta tí mo dé Minnesota ni, nínú oṣù kẹjọ, agogo mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, mo bá àwọn àgbà lọ sójú ọ̀sà lóru nígbà èwe, nítorí náà mo rò pé mo mọ omi lálẹ́. Àwọ̀n la ń dà nílé, ẹja tó bá wọ àwọ̀n ti wọ̀ ọ́. Ìjẹ tó ń léfòó ni mo ń lò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí tí ìrù rẹ̀ ń yí bíi fáànù, tó ń dún pọ̀lọ̀-pọ̀lọ̀-pọ̀lọ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Àfi gbàmù! Bí ẹni pé wọ́n ju búlọ́ọ̀kù sínú omi. Mo fa ọ̀pá sókè pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ìjẹ náà ta jáde látinú òkùnkùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta rẹ̀ sì gún ìjókòó tó wà lẹ́yìn mi wọlé. Mo tan iná, mo rí i níbẹ̀, ó ń mì. Ojú mi ìbá wà níbẹ̀.

Ẹja yẹn ò tíì gbé e sẹ́nu rárá nígbà tí mo fà á. Ojú nìkan kọ́ ni muskie fi ń ṣọdẹ lóru. Ó ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ ibi tí omi ti ń mì, ìyẹn ló ń tẹ̀ lé. Ó máa ń tàsé. Ó lè nà án ní ìrù, ó lè yọ lábẹ́ rẹ̀, kó tó padà wá gbé e. Bí o bá fà á nígbà tí omi fọ́, o ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Máa yí okùn lọ bí o ṣe ń yí i tẹ́lẹ̀, má yára sí i, má dúró. Èmi máa ń fi ìka ìfábẹ̀lá mi kan okùn náà níwájú ríìlì, kí n má baà fi etí pinnu. Ariwo á dún, ọkàn rẹ á fò sókè, ìka rẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà okùn á wúwo bí ẹni pé ìjẹ kọ́ igi. Ìgbà yẹn ni kí o fà á, sí ẹ̀gbẹ́, má fà á sókè. Ó gbà mí ní odindi sáà kan kí ọwọ́ mi tó gbọ́ràn.

Àwọ̀ dúdú ni kí o máa lò, ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa ìjẹ. Ẹja ń wòkè láti ìsàlẹ̀, bó ti wù kí òru dúdú tó, ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀ ju inú omi lọ, ohun dúdú ló ń hàn lójú rẹ̀.

Ohun kejì tí mo fura pé o ò ṣe ni kí o fi ìjẹ ya àwòrán 8 nínú omi lẹ́bàá ọkọ̀ kí o tó gbé ìjẹ sókè. Muskie máa ń tẹ̀ lé ìjẹ láìkọlù ú títí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lọ́sàn-án o máa ń rí i, o sì máa ń ya 8 nígbà tí o bá rí i. Lóru o ò lè rí i, torí náà gbogbo ìgbà tí o bá jùwọ̀ lo máa yà á, kódà nígbà tí apá bá ń ro ọ́. Ti ẹnu ọ̀pá bọnú omi, kí ìtẹ̀kọrọ̀ 8 náà fẹ̀, torí ẹja tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ò lè yí ní ibi tóóró. Kí o lè mọ̀ pé ìjẹ ti súnmọ́ ọ, so òwú kékeré kan mọ́ okùn náà níbi tó jìnnà sí ìjẹ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Bó bá ti kan ìka rẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀pá sínú omi. Láìsí òwú yẹn, èmi máa ń fi irin orí ìjẹ gbá ẹnu ọ̀pá, mo ti já ọ̀pá kan bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ni kí o lọ wo ibẹ̀. Wá ibi tí koríko abẹ́ omi parí sí tí omi ti jìn lójijì, sàmì sí i lórí GPS, kí o sì padà wá lálẹ́ nígbà tí àwọn ọkọ̀ eré ti lọ sílé.

Èyí tó kù yìí ló wúwo jù lọ́kàn mi. Mo ti pa ọ̀kan. Ínǹṣì 47 ni, nínú oṣù keje, ooru ti mú omi náà títí. Ìwọ̀ méjèèjì há sí i lẹ́nu, pláyà mi wà lábẹ́ ìjókòó, mo ń wá a kiri pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹja wà lórí pákó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà mo tún ya fọ́tò. Nígbà tí mo dá a padà sómi, mo di ìrù rẹ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Ó ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé, títí tí kò fi ṣí i mọ́. Òfin Minnesota ò gbà kí a gbé muskie tí kò tó ínǹṣì 54 lọ sílé, nítorí náà omi náà ni mo fi í sílẹ̀ sí, ikùn rẹ̀ funfun lókè. Ó lè tó ọdún 15 kí abo tó gùn dé ínǹṣì 50. Èmi lo ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Kódà nínú omi tútù, ẹja ńlá máa ń kú mọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n mú ní adágún Mille Lacs ní November 2021, tó wọn pọ́n-ùn 55 àti áúńsì 14.8, tó sì borí muskie tó wúwo jù lọ ní Minnesota tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n mú ní adágún Winnibigoshish ní 1957, wọ́n gbìyànjú láti dá a padà sómi kó tó di pé wọ́n gbé e lọ, kò yè.

Nítorí náà, ra àwọ̀n ńlá, kí ẹja dúró sínú rẹ̀, nínú omi. Ra irin tó ń gé ìwọ̀, èyí tó lágbára, má jà pẹ̀lú ìwọ̀, gé e. Pláyà àti irin náà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ lè dé ní òkùnkùn, mo so tèmi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀tún. Bí omi bá ti dé 80 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, jókòó sílé, tàbí kí o lọ wá ẹja míì. Tọ́ọ̀ṣì orí rẹ, má tàn án títí ẹja á fi wọ àwọ̀n. Iná pupa àti àwọ̀ ewé níwájú ọkọ̀, funfun lẹ́yìn, kí wọ́n máa tàn bí ọkọ̀ bá ń rìn. Ẹ̀wù amúniléfòó, wọ̀ ọ́ sọ́rùn, má fi ṣe tìmùtìmù.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ èmi yóò wà lórí omi láti agogo mẹ́sàn-án, ààyè ẹnì kan sì wà nínú ọkọ̀ mi. Mú ọ̀pá rẹ àti ìjẹ dúdú kan ṣoṣo wá. Wákàtí àkọ́kọ́ èmi ni máa jùwọ̀, ìwọ á kàn gbé ìka sórí okùn mi.