Mẹ́nù tó ń ṣí, tó ń pa dé láìdáwọ́ dúró: ohun tí mo mọ̀ nípa jQuery

Ẹ bi mí léèrè ìdí tí mẹ́nù tí ẹ fi jQuery (àkójọ kóòdù JavaScript fún ojú ewé wẹ́ẹ̀bù) ṣe fi ń pa dé tó tún ń ṣí nígbà tí máòsì bá kọjá lórí àwọn líǹkì inú rẹ̀, àti ìdí tí kò fi sinmi kódà lẹ́yìn tí ẹ ti gbé máòsì kúrò níbẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fà á.

Èkíní wà nínú mouseover àti mouseout tí ẹ lò, ìyẹn ìròyìn pé máòsì ti dé orí nǹkan tàbí pé ó ti kúrò níbẹ̀. Bí máòsì bá kan líǹkì inú àpótí kan, ìròyìn rẹ̀ máa ń gòkè dé ọ̀dọ̀ àpótí náà fúnra rẹ̀, débi pé ẹ ò tíì jáde tí iṣẹ́ tí ẹ kọ fún ìjáde yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi mouseenter àti mouseleave rọ́pò wọn, nítorí pé ìgbà tí máòsì bá wọlé láti ìta àti ìgbà tó bá jáde pátápátá nìkan ni wọ́n ń jíṣẹ́. Àwọn méjèèjì yìí náà ni àṣẹ jQuery tó ń jẹ́ .hover() ń pè, ṣùgbọ́n láti ẹ̀dà 3.3 jQuery ni wọ́n ti ní kí a yé lò ó, nítorí náà ẹ lo .on(), àṣẹ tó ń so iṣẹ́ mọ́ ìròyìn, ní tààrà.

Èkejì ló gbà mí lákòókò jù lọ lórí iṣẹ́ oníbàárà kan. Ńṣe ni jQuery ń to gbogbo slideDown (tó ń ṣí mẹ́nù) àti slideUp (tó ń pa á dé) sórí ìlà bí èrò tó ń dúró de ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń gba ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá bí ẹ kò bá sọ iye mìíràn. Bí máòsì bá wọlé tó sì jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún kíákíá, mẹ́nù náà yóò máa ṣí, yóò máa pa dé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 4. Ẹ kọ .stop(true, true) ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: true àkọ́kọ́ ń pa ohun tó wà lórí ìlà rẹ́, èkejì sì ń mú èyí tó ń lọ lọ́wọ́ parí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Bó bá jẹ́ àwọ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ yí padà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi jQuery ṣe é rárá; :hover àti transition inú CSS, èdè tí a fi ń ṣètò ìrísí ojú ewé, tó fún un.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá ní Nàìjíríà, orí fóònù ni wọ́n ti ń wo iṣẹ́ wa, níbi tí kò ti sí máòsì. Ẹ jẹ́ kí mẹ́nù náà ṣí pẹ̀lú click, kí ẹ sì fi focusin (ìròyìn pé a ti dé orí nǹkan kan, kódà láìlo máòsì) kún un fún àwọn tó ń fi kíbọ́ọ̀dù rìn kiri ojú ewé.