Bí Àlejò Ṣe Ń Wọ Ojúbọ Karni Mata ní Deshnoke

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Íńdíà fẹ́ kí n bá òun àti ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ojúbọ òrìṣà obìnrin kan ní Deshnoke, níbi tí mo gbọ́ pé eku kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé wọn. Ẹ̀rù eku ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ ṣe ohun tí yóò dójú ti àwọn tó gbà mí lálejò. Kí ni kí n wọ̀? Ṣé dandan ni kí n jẹ nínú oúnjẹ ibẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, Mà. Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́. Ìlú kékeré ni Deshnoke ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, nínú aṣálẹ̀ Thar, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú Bikaner, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì sì ń ná ọ̀nà náà. Karni Mata tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ jẹ́ obìnrin ìran Charan, ìran àwọn akéwì àti arọ́kìn ọba, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún 15, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì gbà pé Durga, òrìṣà obìnrin ńlá nínú ẹ̀sìn Híńdù, fúnra rẹ̀ ló gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí eku fi wà níbẹ̀, nítorí òun ló ń ṣàlàyé gbogbo èèwọ̀ tó kù. Ìtàn wọn sọ pé Laxman, ọmọ tí Karni Mata ń tọ́, bẹ̀rẹ̀ láti mu omi ní adágún Kolayat, ó sì rì sínú rẹ̀. Karni Mata tọ Yama, ọba ikú, lọ pé kí ó dá ọmọ òun padà, ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì já sí ni pé ẹnikẹ́ni nínú ìran rẹ̀ tó bá kú yóò kọ́kọ́ di eku nínú ojúbọ náà, lẹ́yìn èyí ni yóò tún padà wá sáyé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Charan. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí. Mọ̀lẹ́bí ni àwọn tó ń tọ́jú ojúbọ náà ka eku wọ̀nyí sí, wọ́n sì ń pè wọ́n ní kaba.

Ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó ti bọ́ bàtà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba ìbọ̀sẹ̀ láyè, èyí tó nípọn ni mo sì máa ń ní kí àlejò wọ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn lójú títì. Ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí eku tó bá fẹ́ kọjá lè rí ọ̀nà yà. Bí ọ̀kan bá sáré gorí ẹsẹ̀ yín, ẹ dúró jẹ́ẹ́, nítorí oríire ni wọ́n kà á sí. Ẹ má ta á nípàá. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan pa, àṣà wọn ni pé kí ó fi ère eku onífàdákà tàbí oníwúrà rọ́pò rẹ̀. Ẹ óò rí àwo irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bu wàrà sí, tí eku tò yí etí rẹ̀ ká, tí wọ́n dorí kodò sínú wàrà, tí ìrù wọn sì ń rọ̀ síta. Wọ́n ta àwọ̀n sókè àgbàlá náà kí àṣá má baà gbé wọn. Funfun nínú wọn ṣọ̀wọ́n, àwọn olùfọkànsìn sì lè dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹyọ kan.

Ní ti aṣọ, ohun tó bo èjìká àti orúnkún ló yẹ, pẹ̀lú ìborùn fún orí. Ìró àti bùbá dára púpọ̀ níbòmíràn, ṣùgbọ́n ìró tó ń gbálẹ̀ yóò di àkàbà fún eku níbẹ̀. Ṣòkòtò tó fún lọ́rùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Oúnjẹ kì í ṣe dandan. Prasad ni wọ́n ń pè é, ìyẹn oúnjẹ tí wọ́n ti gbé síwájú òrìṣà, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan dídùn, èyí tí eku sì ti tọ́ wò ni olùfọkànsìn kà sí èyí tó ní ìbùkún jù. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á, kí ẹ fi kan iwájú orí, kí ẹ sì fà á lé ọ̀kan nínú ìdílé tó gbà yín lálejò lọ́wọ́. Wọn kò ní bínú. Èmi kì í gba àlejò níyànjú láti jẹ ẹ́, nítorí ìtọ̀ eku lè kó àìsàn ran ènìyàn, ìdí kan náà tí ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀ fi gbọ́dọ̀ dúró síta. Kò sì dandan kí ẹ wólẹ̀: ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ jẹ́ kí àwọn tó wá bọ òrìṣà ráyè.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà àjọ̀dún Navratri, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni èrò máa ń pọ̀ jù, àwọn kan tilẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Bikaner. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yan ọjọ́ mìíràn, kí ẹ sì dé ibẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú ilẹ̀ gbóná, kí òórùn inú ọgbà náà tó le sí i. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ mú omi, ọṣẹ àti ìbọ̀sẹ̀ mìíràn dání, kí ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó tún bàtà wọ̀.