Ìrìn ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹbí láti Kàbà: amọ̀nà wo ni kí á mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjùmú ni ọkọ mi. Ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀, a fẹ́ sùn sí Kàbà, kí á fi odindi ọjọ́ kan mú àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi rìn ká ìgbèríko. Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbíkẹ́yìn wa, orúnkún sì ń dun màmá. Ògìdì, Bùnú, Mọ̀pà àti Lọ́kọ́ja ni a ní lọ́kàn. Báwo ni a ṣe lè rí amọ̀nà tó ṣeé fọkàn tán, kí ni kí á sì bá a sọ kí á tó gbéra?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kí á tó dé orí ọ̀rọ̀ amọ̀nà, mo bẹ̀ yín, ẹ dín ibi tí ẹ ń lọ kù. Láti Kàbà sí Lọ́kọ́ja ju kìlómítà 70 lọ, ọ̀nà Mọ̀pà àti ọ̀nà Lọ́kọ́ja sì kọ ẹ̀yìn síra wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ibi tí odò Ọya àti odò Bénúé ti pàdé, ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un. Fún ọjọ́ kan ṣoṣo pẹ̀lú àgbàlagbà àti ọmọ kékeré, Ògìdì àti oko kan tó wà nítòsí rẹ̀ ti tó.

Ọmọ ìlú tí ẹ ń lọ gan-an ni kí ẹ mú ní amọ̀nà. Ní ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí tí Kàbà àti Ògìdì wà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọba àti èèwọ̀ tirẹ̀, ẹni tó sì mọ títì dáadáa lè má mọ àpáta tí wọ́n ti ń bọ nǹkan, ibi tí obìnrin kì í dé, tàbí ibi tí a kì í ti ya fọ́tò. Ẹ kò ní láti wá a jìnnà: ẹ ní kí àwọn ará ilé ọkọ yín béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnì kan, ẹ bi í ní ilé ẹni tí yóò kó yín lọ, kí ẹ sì fúnra yín bá onílé náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Amọ̀nà tí kò bá fẹ́ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Nítorí ìṣòro ìjínigbé tó ti dé bá àwọn ọ̀nà wa, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, tí yóò sì béèrè bí ọ̀nà ṣe rí láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má gba ọ̀nà àbùjá inú igbó, bó ti wù kó yá tó. Ẹ padà sí Kàbà kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ fi wo àwọn àpáta Ògìdì. Oòrùn àsìkò Àjíǹde máa ń mú púpọ̀, òkúta á gbóná débi pé ọmọ kò ní lè fọwọ́ tì í lọ́sàn-án. Òjò àkọ́rọ̀ pẹ̀lú ìjì sì sábà máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sán, ibi tó bá sì ti dúdú lára àpáta á máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ ní kí amọ̀nà wá ìsàlẹ̀ òkè tó ní ibòji, kí màmá lè jókòó pẹ̀lú ẹnì kan nígbà tí àwọn ọmọ bá ń gun ibi tí kò ga. Ẹ má gbà kí ó rọ̀ wọ́n dé ṣóńṣó.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ògìdì ni ìlú Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà aláṣọ, inú ẹbí rẹ̀ ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún. Òfì àwọn obìnrin máa ń nàró ni: ahunṣọ á jókòó kọjú sí i, á ki òwú gba àárín òwú tó ti ta sókè sódò, á wá fi pátákó pẹlẹbẹ gbá a mọ́lẹ̀ kí aṣọ lè ki. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè ìbéèrè, kí wọ́n sì gbá a wò bí ahunṣọ bá gbà. Orí ìjókòó ni màmá náà yóò ti gbádùn èyí, ó sì ṣeé ṣe kí òun ló máa ṣàlàyé fún yín. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, bó ti wù kó kéré tó, torí àkókò iṣẹ́ wọn ni ẹ gbà.

Àsìkò kajú ni Àjíǹde bọ́ sí, oko kajú sì dùn ún wò fún ọmọdé, nítorí ìta èso ni kóró rẹ̀ ń so sí. Wọ́n lè jẹ èso náà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi eyín fọ́ kóró tútù o: òróró inú èèpo rẹ̀ máa ń bó ètè àti awọ ara. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí gbogbo wọn wọ̀ nítorí ejò, kí amọ̀nà sì máa lọ níwájú.

Ní ti owó, ẹ bá a dúnàádúrà owó ọjọ́ kan gbáko, kì í ṣe ti ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ rẹ̀ àti ohun tí ẹ óò mú lọ kí ọba wà nínú rẹ̀, kí ó sì bá yín sọ fún oníyán láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fún un ní díẹ̀ nínú owó náà láàárọ̀, kí ẹ san ìyókù nígbà tí ẹ bá padà dé Kàbà.