Ṣé dandan ni kí n kọ́ CUDA C++?

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwòrán sátẹ́láìtì Sentinel-2 ni mo fi ń ṣe ìwádìí lórí oko kòkó. Python ni mo fi ń ṣírò NDVI, nọ́ńbà tó ń fi bí ewéko ṣe tutù tó hàn. Laptop mi ní GPU (káàdì àwòrán) GeForce RTX 3050, mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 4GB. Mo fi CuPy, tó ń ṣírò lórí GPU, rọ́pò NumPy, tó ń ṣírò lórí CPU, ló bá ní mẹ́mórì GPU kò tó. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí n lọ kọ́ CUDA C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún GPU NVIDIA. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì dá ọ̀rẹ́ rẹ lóhùn. Nígbà tí NVIDIA gbé CUDA jáde ní 2007, ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń pín iṣẹ́ fún GPU, tó fi ń gbààyè nínú mẹ́mórì rẹ̀, tó sì fi ń dá a padà. (Àwọn tó fẹ́ràn wàhálà yẹn ṣì pọ̀.) CuPy, tí Preferred Networks ní Tokyo ṣe, ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ kò lè sọ mẹ́mórì 4GB di 8GB.

Jẹ́ ká ṣírò ó. Àwòrán Sentinel-2 kan, ní mítà 10, jẹ́ pixel 10,980 níbùú, 10,980 lóròó: ó lé ní mílíọ̀nù 120. Mo fura pé .astype(float) lo kọ. float64 nìyẹn, báìtì 8 fún pixel kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 965MB fún band (ẹ̀yà ìmọ́lẹ̀) kan. Band 4 (ìmọ́lẹ̀ pupa) àti Band 8 (infrared, tí ojú kò rí) ti gba 1.9GB. NDVI ni kí o yọ Band 4 kúrò nínú Band 8, kó o fi àròpọ̀ wọn pín in: ìyọkúrò gbààyè tirẹ̀, àròpọ̀ gbà, èsì náà gbà, ó di 4.8GB. Níbo lo fẹ́ kó o sí?

Kọ .astype(cp.float32) (CuPy ni cp), gbogbo rẹ̀ á já sí ìdajì. Yóò tún yá sí i, torí káàdì géèmù bíi tìrẹ kì í fi ju ìdá kan nínú 64 agbára rẹ̀ ṣe float64. Má sì fi uint16 (odidi nọ́ńbà tí kì í ní òdì) yọ ara wọn láé! Níbi tí omi bá wà, Band 4 máa ń ju Band 8 lọ, nọ́ńbà gọbọi tó sún mọ́ 65,000 lo máa rí dípò òdì. Fi @cp.fuse() sórí function NDVI rẹ, á ṣe gbogbo ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan, láìgba àyè fún èsì àárín.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo ni, jọ̀ọ́, fi CuPy sílẹ̀. Kíka fáìlì àti gbígbé e lọ sínú GPU á pẹ́ ju ìṣirò lọ. Ẹni tó ń gbé ata lọ sẹ́rọ kì í bù ú ní ṣíbí-ṣíbí. Tó bá jẹ́ median gbogbo ọdún lo ń wá, gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́, kó gbogbo oṣù fún ègé kan wọlé, parí iṣẹ́ níbẹ̀, kó o tó fi cp.asnumpy kó èsì padà sí CPU. Bí for loop bá sì ń ka pixel lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù rẹ, yọ ọ́ ná. NumPy lásán lè tó ọ.

Tó o bá ń wo aago, má ka ìgbà àkọ́kọ́, CuPy ń pèsè kóòdù GPU nígbà yẹn ni. Pe cp.cuda.Device().synchronize() kó o tó dá aago dúró, torí Python kì í dúró de GPU.

Bó o bá wá kan ìṣirò tí CuPy kò ní, RawKernel wà tó o lè fi CUDA díẹ̀ sí. NDVI kò sí lára wọn.