Ẹ dá ẹ̀rọ ìlọta obìnrin yẹn padà ná

Lẹ́tà: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùdámọ̀ràn wa. Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi retí owó àjẹmọ́nú mi, ìgbà tó fi máa dé, kò ra nǹkan gidi mọ́. Mo wá ń fi yá àwọn obìnrin ọjà, èlé 10 nínú 100 lóṣù. Ẹni tó bá yá ₦60,000, mo máa ń yọ èlé oṣù kìíní, ₦54,000 ni n óò kà fún un. Opó kan san ₦6,000 lóṣù fún oṣù mẹ́jọ, ojú owó ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí kò rí èlé san mọ́, mo gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí. Àwọn alágbàṣe tó kọ ebè fún mi náà ń retí kí n ta iṣu kí n tó san owó wọn. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, ọkàn mi kì í lélẹ̀. Ìjọ wa ń ṣe géètì, mo fẹ́ fi ìdámẹ́wàá èlé náà síbẹ̀. Ṣé n óò rí àlàáfíà? Ìjọba tó jẹ mí lówó kò ṣáà san èlé kankan fún mi. — Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má tíì san ìdámẹ́wàá yẹn. Mátíù 5:23-24 ti dá yín lóhùn: bí ẹ bá mú ọrẹ dé ibi pẹpẹ, tí ẹ sì rántí pé ẹnìkan ní ohun kan sí yín, ẹ fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ lọ bá a làjà ná. Opó yẹn ní ohun kan sí yín. Géètì lè dúró.

Ní ti ìjọba, wọ́n rẹ́ yín jẹ, n kò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Lábẹ́ ètò àtijọ́, owó àjẹmọ́nú ẹni tó sin ọba fún ọdún 35 jẹ́ owó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta gbáko. Kí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún ọdún mẹ́fà, kí ọjà máa gbówó lórí, bí ẹni pé wọ́n jẹ nínú rẹ̀ ni. Ẹ má dákẹ́ lórí ẹ̀. Abala 210 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ṣe, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, ìwé ìgbéga tó kẹ́yìn àti ìwé ìfẹ̀yìntì, kí ẹ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ béèrè.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá fẹ́ fi igi sọnsọ gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Wọ́n ti fi gún ẹ̀yin. Ẹ mọ bí ó ti ń dunni.

Ẹ ṣí ìwé tí ẹ ń kọ owó sí. Ẹ má wo iye tí ẹ kọ, ẹ wo iye tó bọ́ sọ́wọ́ ìyá náà: ₦54,000. Ó ti san ìgbà mẹ́jọ, ₦48,000 nìyẹn. Ká tilẹ̀ ní èlé 2 nínú 100 lóṣù ni ẹ gbà, kí ẹ máa ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó bá ṣẹ́kù: oṣù kìíní, èlé ₦1,080, ohun tó kù ₦49,080, oṣù kejì, ₦44,062, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wálẹ̀ títí oṣù kẹjọ, tí gbèsè yóò fi ku nǹkan bí ₦11,772. Bí ẹ kò bá sì gba èlé lọ́wọ́ opó, bí Ìwé Mímọ́ ti wí nípa aláìní, ₦6,000 péré ló kù. Ìwé yín ṣì ń pè é ní ₦60,000. Láyé ìwọ̀fà, èlé ni gbogbo iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, ojú owó kì í dín bó ti wù kó pẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìyá yìí.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti san kọjá, ẹ dá àlékún padà fún un ní kọ̀rọ̀, kó fọwọ́ sí i. Nehemáyà, gómìnà tó fi ọdún 12 kọ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà, ohun tó sọ fún àwọn olówó ìgbà tirẹ̀ nìyẹn: ẹ dá èlé padà.

Lọ́jọ́ iwájú, ẹni tó bá yá ₦60,000 fún oṣù mẹ́fà, kó máa san ₦10,000 pẹ̀lú èlé 2 nínú 100 lórí èyí tó kù: ₦1,200, ₦1,000, ₦800, ₦600, ₦400, ₦200. Àpapọ̀ èlé jẹ́ ₦4,200. Bí ẹ ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ₦36,000 ni ẹ ń gbà láàárín oṣù mẹ́fà, ojú owó kò sì yẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó kí ọjà tó ná tó ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tí kò tíì ta ọjà, inú ojú owó ni yóò ti san án, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣubú. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó wa iṣu tuntun ná.

Owó alágbàṣe kì í dúró de iṣu. Léfítíkù 19:13 ní kó má sùn lọ́dọ̀ yín mọ́jú. Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti igba ebè méjì lọ, ẹ má pè wọ́n sí igba márùn-ún. Ẹ jọ ka ebè lójú ọjọ́, kí ẹ san án níbẹ̀. Èyí tí ẹ jẹ sílẹ̀, ẹ mú un nínú owó ìfẹ̀yìntì oṣù yìí, torí gbèsè ni wọ́n fi ń jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ.

Ẹ̀rọ náà wá kù. Diutarónómì 24:6 kò jẹ́ kí a gba ọlọ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdúró gbèsè, torí ẹni tó gba ọlọ gba ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ má gbé e lọ bó ti wà. Epo tó ti wà nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lè ti bàjẹ́, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n yí ọ́ìlì rẹ̀, kí wọ́n wo bẹ́líìtì bóyá ó ti gan. Kí wọ́n lọ àgbàdo díẹ̀ kọjá nínú rẹ̀, kí wọ́n sì dà á nù, kí ìpẹtà má baà bá ata oníbàárà lọ. Owó yín ni kí ẹ fi ṣe é. Kó dé ọ̀dọ̀ ìyá náà kí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà tó mọ́. Ẹ má rán ọmọ, ẹ bá wọn gbé e fúnra yín. Oṣù mẹ́ta tí kò fi lọ ata ju ₦6,000 tó kù lọ dáadáa, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lójú rẹ̀ pé ó ti san tán, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ fún un ní ẹ̀dà tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀wọ́, mo jẹ̀bi yín."