Èsì: Lífà dìkọ̀mpírẹ́ṣọ̀n kì í ṣe bíréèkì o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹnì kan sọ fún yín pé bíréèkì ni lífà dìkọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ẹ wá bèèrè bóyá lífà kékeré yẹn tó wà lápá òsì máṣíìnì Royal Enfield Bullet àtijọ́ tẹ́ ẹ rà lè bá yín dín eré kù tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Rárá o, torí kíkì tẹ́ ẹ fi ń fẹsẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì ló ṣe wà níbẹ̀. Sílíńdà kan ṣoṣo tó tóbi báyẹn máa ń ta ẹsẹ̀ èèyàn padà, tẹ́ ẹ bá wá fa lífà á gbé fáàfù sàlẹ́ńsà, ìyẹn ìdérí ibi tí èéfín ń gbà jáde, sókè díẹ̀, atẹ́gùn tí písítìnnì ń fún pọ̀ á ráyè jáde, ẹ á rọra ti kíkì kọjá ibi tó le, ẹ á fi lífà sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó wá gbá a dáadáa. Àwọn kan tún máa ń fi pa ẹ́ńjìnnì. Máṣíìnì bíi Boxer ò nílò ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kéré.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dín eré yín kù, ẹ dá tírótù padà pátápátá, ẹ máa já jíà wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ rọra máa fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kábúrétọ̀ á ti dí ọ̀nà atẹ́gùn, písítìnnì á wá máa fi tipátipá fà á, ibẹ̀ ni agbára eré yẹn ń lọ. Ẹ́ńjìnnì two-stroke, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀, ò ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ tírélà tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni ẹni tó sọ fún yín gbọ́, tàwọn kan nínú wọn ń ṣí fáàfù láti fi dín eré kù lóòótọ́.

Ẹ má fi máṣíìnì sí fírì, láìsí nínú jíà kankan, sọ̀ kalẹ̀ torí epo o, àwọn ọlọ́kadà wa fẹ́ràn ìyẹn jù. Kẹ́ ẹ sì máa fọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀, torí iná ẹ̀yìn ò ní tàn tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní mọ̀ pé ẹ ti ń rọra.