Àwo Wo Ló Wà Lórí Chénjà Yín?

Lóṣù tó kọjá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi sí ojú ewé yìí: àwo orin wo ló wà lórí chénjà yín, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbọ́ àwo, lónìí? Mo ní kí ẹ má sọ èyí tí ẹ fẹ́ràn jù láyé yín. Èyí tí abẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ mọ̀. Lẹ́tà tí ẹ kọ kọjá àyè tí wọ́n fún mi, ìbéèrè sì kún inú wọn. Mẹ́rin ni mo lè dáhùn lóṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Oroki Social Club ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, kò tíì kúrò lórí ẹ̀rọ mi. Ilé iṣẹ́ Decca ló gbé àwo náà jáde ní 1971. Bàbá mi ló ra èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ní Ògùnpa níbí ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ilé aládùúgbò wa la ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ, torí a ò ní ẹ̀rọ. Ìgbà tí ìjọba san owó Udoji, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ní 1975 ni bàbá mi fi àjẹsílẹ̀ owó oṣù rẹ̀ ra rédíògíràmù, rédíò òun chénjà nínú àpótí kan, onígi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tí ìyá mi tẹ́ aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun lé lórí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Bàbá mi ní ọwọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wúwo, èmi ló ní kí n máa gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo. Iṣẹ́ tí mo ṣì ń ṣe títí dòní nìyẹn.

Ohun tí mo ń wá nínú àwo Hárúnà lọ́sẹ̀ yìí ni agídìgbo, àpótí onígi tí wọ́n ń fi ìka ta irin ojú rẹ̀. Bàbá yẹn kò lo gìtá, kò lo dùùrù. Ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo ló máa ń yí i ká, òun alára á sì jókòó kọrin bí àgbà tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fi fóònù gbọ́ ọ, ohùn rẹ̀ àti ìlù tó ń sọ̀rọ̀ nìkan lẹ máa gbọ́. Agídìgbo á ti rì. Lórí àwo, ẹ ó gbọ́ ọ nísàlẹ̀ níbi tó ti ń tẹ́ ilẹ̀ fún gbogbo wọn. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí àwo yìí ti wà nílé wa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tẹ́tí sí agídìgbo nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kìíní dé òpin. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọbẹ̀ tó wà lórí iná jóná.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí lẹ́tà.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa. Àwo ńlá (èlípíì) Ebenezer Obey kan ti Decca, tí wọ́n kọ WAPS sí lára, ló wà lórí tèmi. Orin márùn-ún ni wọ́n kọ sẹ́yìn páálí fún ojú kìíní, ṣùgbọ́n mi ò rí àlàfo kankan láàárín wọn. Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí èyí tí mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?" (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Ọmọ mi, kò sí àlàfo nínú àwo torí pé kò sí àlàfo lójú agbo. Wo àwọn àwo kékeré tó ṣáájú. Nígbà tí I. K. Dairo kọ "Salome" ní 1962, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni àyè tí olórin ní. Kí abẹ́rẹ́ tó dé àárín, kó ti dá orin, kó ti fi àkọ́díọ̀nù dárà, kó sì ti parí. Dairo mọ̀ ọ́n ṣe, mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń ká ọ̀rọ̀ kò. Àmọ́ níbi àríyá, bí ẹni tó ń náwó bá ti dìde, tó ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, olórin kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tó bá dákẹ́, onínàáwó á padà lọ jókòó. Ìlù ló máa ń gbé wọn láti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn kí ẹsẹ̀ má baà kúrò nílẹ̀. Ìgbà tí èlípíì wá fún wọn ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan, Obey àti Sunny Adé gbé odidi agbo sínú rẹ̀.

Tí o bá fẹ́ rí ibi tí orin ti yí, gbé àwo sábẹ́ iná kí o dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ibi tí ìlù ti le, ojú ilà á máa kọ mànà. Ibi tí gìtá nìkan ti ń sọ̀rọ̀, á dúdú, á sì jọ̀lọ̀, ibẹ̀ ni orin sábà máa ń yí. Mo ti kọ́ ẹ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí o máa ṣe é. Ìlù àti gìtá máa ń ṣí ọ̀nà kí olórin tó lanu, ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ fò sáàárín á pàdánù ìyẹn. Jókòó ti ojú kìíní títí yóò fi tán. Ogún ìṣẹ́jú ni.

"Ẹ káàsán mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, ní Peckham. Juju Music ti Sunny Adé ni mo ń gbọ́. Ẹ̀rọ mi jẹ́ irú èyí tó dà bí àpótí kékeré, tí wọ́n lè pa dé kí wọ́n gbé lọ́wọ́. Gìtá ń dún bí agolo, abẹ́rẹ́ sì ń fò. Ṣé àwo ló ti bàjẹ́ ni?" (Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ̀rọ ni mo fura sí, ọmọ mi. Apá irú ẹ̀rọ alápòótí yẹn sábà máa ń tẹ àwo ní ìwọ̀n gíráàmù 5 tàbí 6, bẹ́ẹ̀ apá tó dára kì í ju gíráàmù 2 lọ púpọ̀. O kò sì lè dín in kù. Àwo tí o bá ń fi gbọ́ lójoojúmọ́, ńṣe ló ń gé e jẹ. Wá ẹ̀rọ àlòkù tó ní òkúta ìwọ̀n lẹ́yìn apá, èyí tí o lè fọwọ́ ara rẹ yí, kí o sì ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i. Má gba abẹ́rẹ́ tí ẹni tó tà á sọ pé ó ṣì dára. Abẹ́rẹ́ oní-dáyámọ́ńdì gan-an kì í sábà kọjá wákàtí 1,000, kò sì sí ẹni tó ń ka wákàtí fún ẹlòmíràn.

Inú mi dùn sí àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ. Lómẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Island sì gbé e jáde ní 1982 fún àwọn tí kò gbọ́ jùjú rí. O rí i pé àlàfo wà láàárín orin méjèèje, kò dà bí ti ọmọ Òṣogbo yẹn. Etí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n gé e fún. Gìtá tó ń sunkún nínú rẹ̀, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ń lù ú; ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú, ó ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ rẹ sọ di agolo yẹn. Tí o bá ti ní ẹ̀rọ gidi, wá èyí tí Sunny gbé jáde nílé lábẹ́ Sunny Alade Records, kí o gbọ́ bó ṣe máa ń ṣe é nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gé e kúrú.

"Ìyá wa, bàbá wa àgbà fi páálí àwo kan sílẹ̀. Wọ́n wúwo, wọ́n sì le bí abọ́ tánganran. Ọ̀kan já bọ́, ó fọ́ sí mẹ́ta. A fi spírítì nu òmíràn kó lè mọ́, ojú rẹ̀ bá yọ́. Àwọn tó kù kò dún dáadáa lórí ẹ̀rọ wa. Kí la ṣe tí kò tọ́?" (Ìdílé kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ dákun, ẹ gbé spírítì yẹn jìnnà sí àwọn àwo náà lónìí. Wọn kì í ṣe irú àwo tí ẹ mọ̀. Àwo òde òní jẹ́ irú ike kan. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó padà. Àwọn tí bàbá yín fi sílẹ̀, ṣẹ́láàkì ló wà nínú wọn, ohun tí kòkòrò kékeré kan ń tu jáde sára igi nílẹ̀ Íńdíà. Ẹ bi gbẹ́nàgbẹ́nà tó bá ti dàgbà ládùúgbò yín. Ṣẹ́láàkì yìí kan náà ni wọ́n máa ń da spírítì sí kó lè yọ́, kí wọ́n fi kun àga kó máa dán. Ohun tí spírítì ń ṣe fún gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣe fún àwo yín.

Omi mímọ́ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan ṣoṣo. Aṣọ tó rọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ máa tẹ̀lé ilà rẹ̀ yípo, ẹ má gé ilà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà tó wà láàárín. Ẹ fi omi lásán ṣàn án kíákíá, ẹ gbé e dúró níbòòji kó gbẹ. Tó bá gbẹ, ẹ tò wọ́n ní òró bí ìwé. Ẹ má kó wọn léra, ìwúwo wọn á fọ́ ti ìsàlẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé oòrùn ojú fèrèsé lè sọ àwo di abọ́ ọbẹ̀.

Ní ti dídún, ohun méjì ni. Àkọ́kọ́ ni eré: ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin ni àwọn wọ̀nyí ń yí ní ìṣẹ́jú kan, èlípíì sì ń yí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Ẹ wo ara ẹ̀rọ yín bóyá 78 wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ohùn olórin á máa fà bí ẹni tí oorun ń kùn. Èkejì ni abẹ́rẹ́. Ilà àwo àtijọ́ fẹ̀ ju ti èlípíì lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́ta, abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á rì dé ìsàlẹ̀ ibi tí ekuru wà, ekuru yẹn lẹ sì ń gbọ́. Rédíògíràmù bàbá mi ní abẹ́rẹ́ olójú méjì. Bí mo bá ti fẹ́ fi àwo àtijọ́ sí i, mo máa ń yí i bí ẹni yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ wá ẹni tó ní irú rẹ̀.

Kí ẹ tó gbọ́ èyíkéyìí, ẹ ka bébà àárín rẹ̀ dáadáa. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù fún Zonophone, irú àwo báyìí ni wọ́n gbé e sí. Túndé King náà kọ jùjú fún Parlophone ní 1936. N kò sọ pé wọ́n wà nínú páálí yín, àmọ́ ẹ má tíì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan wọn títí tí ẹ ó fi mọ̀. Ẹ má sì da èyí tó fọ́ nù. Orúkọ olórin àti nọ́ńbà àwo ṣì wà lára àfọ́kù rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àyìnlá Ọmọwúrà ló wà lórí tèmi, bó ṣe máa ń wà nìyẹn. Ọkùnrin kan wá bá mi nílé pé òun fẹ́ ra gbogbo àwo mi pátá ní iye kan. Àwọn ọmọ ní kí n tà á kí ilé lè fẹ̀. Kí lo rí sí i?" (Bàbá kan, Abẹ́òkúta)

Mo kúnlẹ̀, bàbá mi. Ẹ má tíì tà á.

Ẹni tó bá fẹ́ ra páálí odidi ti rí àwo kan tàbí méjì níbẹ̀ tó lè san owó gbogbo rẹ̀ fún un. Láti bí ọdún 2008, tí ilé iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àkójọ orin Nigeria Special jáde, àwọn tó ń wá àwo ilẹ̀ wa ti 1970 sókè ti pọ̀ gan-an. Kò burú láti ta àwo, ohun ìní yín ni. Ohun tó burú ni kí ẹ tà á láìmọ ohun tí ẹ tà. Ẹ ní kí ọmọ-ọmọ yín kan jókòó tì yín, kó kọ orúkọ olórin, ilé iṣẹ́, nọ́ńbà àti bí ojú àwo ṣe rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó sì gba ohùn wọn sínú kọ̀ǹpútà.

Ohun tó kàn yìí ni mo ń bẹ̀ yín sí jù. Nígbà tí orin bá ń lọ, kó fi fóònù gba ohùn tiyín náà. Nígbà tí Àyìnlá bá dárúkọ ènìyàn, ẹ sọ ẹni tí onítọ̀hún jẹ́, ilé tó ti wá, òwò tó ń ṣe, ẹni tó ń bá a jà. Bí ìwé ìròyìn ni ọkùnrin yẹn ṣe kọrin. Ìgbà ìkànìyàn 1973, ó kọ ọ́ lórin. Láti oṣù karùn-ún 1980 tó ti kú, àwọn tó mọ ẹni tó ń kí àti ẹni tó ń bú ń dín kù. Ọkùnrin tó fẹ́ ra àwo yín kò mọ̀ wọ́n. Àwa tó wà ní Ìbàdàn níbí gan-an, díẹ̀ la mọ̀. Ìyẹn kò sí nínú àwo, bàbá mi, ọ̀dọ̀ yín ló wà.

Mo ń sọ ọ́ torí mo ti ṣe é rí. Ní 1994, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi kún mi lọ́rùn, mo sì ta páálí méjì nínú àwo bàbá mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, n kò ka iye wọn. Bàbá mi wà láàyè. Kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kejì ló rọra béèrè pé, "Ṣé Nightingale náà lọ?" Àwo kékeré ti Túndé Nightingale ni, ti ìgbà tí irú jùjú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "ṣó wà m̀bẹ̀" ń jà ní gbogbo òde ìnáwó, ohùn tó ga tó sì tín-ín-rín bí ti ẹyẹ. Òun ni bàbá mi gbé wá sílé lọ́sẹ̀ tó gbé ìyá mi níyàwó. N kò mọ̀. Kò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà kò sì béèrè.

Mo ti rí òmíràn rà lẹ́yìn náà, orin kan náà. Tiwa ni mo ṣì ń wá. Bàbá mi fi yíǹkì aláwọ̀ búlúù kọ 47 sí igun páálí rẹ̀ lókè, lápá òsì, ó sì fa ilà méjì sábẹ́ rẹ̀. Tó bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, n kò ní kí ẹ dá a padà. Ẹ ṣáà kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tó bá wà lórí chénjà yín.